Kí Ló Dé Tí Ọkọ̀ Kékeré Fi Ń Wọ́n Tó Ọkọ̀ Ńlá? Àlàyé fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Ìdílé fún Ìgboro

Àbúrò mi tó ń gbé ní Abúlé-Ẹ̀gbá pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Ọdún méjì gbáko ló fi tu owó jọ láti ra ọkọ̀ tí yóò máa gbé òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì. Ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, ó sì ti rí méjì tó wù ú. Ọ̀kan jẹ́ Toyota Camry 2007, èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Muscle, oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ aláwọ. Èkejì ni Toyota Yaris 2008, kékeré bíńtín. Iye kan náà ni wọ́n pè wọ́n.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé ẹni tó ń tà á kò mọ ọjà. Ta ni yóò rí Camry níbẹ̀ tí yóò tún fi iye kan náà ra Yaris?"

Mo ní kó má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni, kí a kọ́kọ́ jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń tà á mọ ọjà dáadáa. Owó tí a ń kà lé oníṣòwò ọkọ̀ lọ́wọ́, àsansílẹ̀ lásán ni. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa san ìyókù: níléepo, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, àti ní Ládípọ̀ ní Mùṣín níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ìyókù owó rẹ̀ bá pọ̀, àwọn tó ti ní in rí á sọ fún àwọn tí kò tíì ní in, àwọn tó ń rà á á dínkù, iye rẹ̀ á sì máa wálẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí Mercedes tàbí Range Rover àtijọ́ ní iye tí ẹ ó fi ra Corolla. Kì í ṣe pé orí ta yín lọ́rẹ. Ẹni tó ni ín ló ń wá ẹni tí yóò bá òun sọ ẹrù náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń jò jù. Nọ́ńbà tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn, 1.0, 1.3, 1.5, 1.8, 3.5, lítà ni. Àwọn ihò róbótó kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí pístínì ń lọ sókè sódò nínú wọn. Bí a bá da ààyè inú gbogbo ihò wọ̀nyí pọ̀, iye lítà tó bá gbà ni nọ́ńbà yẹn. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní plọ́ọ̀gì tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin àti oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà. Yaris tó ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ 1.5, plọ́ọ̀gì mẹ́rin. Camry tí àbúrò mi rí yẹn jẹ́ 3.5, plọ́ọ̀gì mẹ́fà. Ẹnu mẹ́fà ni yóò máa bọ́ lójoojúmọ́, ẹnu tó sì tóbi ni.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó já gaara, ìyàtọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ìgboro ló ti ń dunni. Ẹ wà lórí afárá Third Mainland láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọkọ̀ dúró gbagidi, éésì ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ti sùn lẹ́yìn. Ọkọ̀ dúró o, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò dúró. Gbogbo ìṣẹ́jú tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yẹn bá fi wà, epo ni ẹ́ńjìnnì ń mu láìgbé yín kúrò lójú kan, 3.5 sì ń mu ju 1.5 lọ.

Mo ṣírò rẹ̀ fún àbúrò mi. Láti ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́ ní Yábàá, kó yà sí ilé-ìwé àwọn ọmọ, kó sì padà sílé, ó tó kìlómítà 40 lójúmọ́. Bó bá jáde fún ọjọ́ 25 lóṣù, ó di kìlómítà 1,000. Ká ní ọkọ̀ ńlá ń fi lítà epo kan rin kìlómítà 8, kí kékeré máa fi lítà kan rin 12. Ọkọ̀ ńlá á mu lítà 125 lóṣù, kékeré á mu nǹkan bíi 83. Bí lítà kan bá jẹ́ náírà 900, ìyàtọ̀ àárín wọn á tó náírà 37,500 lóṣù. Lọ́dún kan, náírà 450,000 nìyẹn, láìtíì fọwọ́ kan taya tàbí bíréèkì. Owó ilé-ìwé ọmọ kan ló ń jó dànù nínú táǹkì yẹn.

Nígbà tí epo ṣì wà lábẹ́ náírà 200, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń jókòó ṣe irú ìṣirò yìí. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ mélòó kan lítà kan ti kọjá náírà 480. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti ń lọ sí bíi 1,000 l'Ékòó. Ohun tó wà nídìí iye tí wọ́n ń pe Yaris nìyẹn, kò sí àdììtú kankan níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi lọ ra èyí tó kéré jù lọ. Ẹ́ńjìnnì 1.0 tàbí 1.1, bí irú èyí tó wà nínú àwọn Kia Picanto àti Hyundai i10 kan, dára fún àpọ́n tàbí tọkọtaya tí kò ì bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ kó ènìyàn márùn-ún sínú rẹ̀, ẹ di gààrí àti iṣu sẹ́yìn, ẹ tan éésì, kẹ́ ẹ wá kọjú sí gegele Òkè-Àdó n'Íbàdàn. Ẹ ó máa tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ kó tó rìn, epo tí ẹ rò pé ẹ fẹ́ ṣọ́ á sì tún bá ibẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ìdílé tó ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, láti 1.3 dé 1.8 ni kí wọ́n wá, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, ìgbádùn ni, ìgbádùn sì ní iye tirẹ̀.

Nípa ààyè inú ọkọ̀, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n láti ìta. Ẹ kó àwọn ọmọ dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ rà á, kí gbogbo yín jókòó sínú rẹ̀, kí bàbá gun orí ìjókòó awakọ̀, kẹ́ ẹ wá wò bóyá orúnkún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń rí àyè. Ọkọ̀ mìíràn kéré lóde, ó gba èrò nínú. Àpẹẹrẹ kan ni Honda Fit: abẹ́ ìjókòó iwájú ni wọ́n gbé táǹkì epo rẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí ìjókòó ẹ̀yìn fi ń wọlẹ̀ pẹrẹsẹ tàbí kí ó ká sókè, tí ẹ ó fi rí àyè gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ tàbí àpò ìrẹsì méjì láìṣí búùtù sílẹ̀.

Mo tún fẹ́ràn Toyota Matrix fún ìdílé. Ẹ́ńjìnnì Corolla ló wà nínú rẹ̀, 1.8, búùtù rẹ̀ sì ga. Ẹ̀kejì rẹ̀ wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí, Pontiac Vibe. Toyota àti General Motors, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ló jọ ṣe àwọn méjèèjì. Ara ìta àti orúkọ ló yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì àti jíà bára mu. Torí pé General Motors ti pa orúkọ Pontiac rẹ́, ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn láti rà á. Ẹ̀rù náà tọ́ fún iná iwájú àti bọ́ńpà, nítorí ti Matrix kò lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́ fún ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló kàn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbí. Kẹ́ ẹ tó bèèrè iye ọkọ̀, ẹ lọ bèèrè iye ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, iná iwájú rẹ̀, rédíétọ̀ rẹ̀ àti odindi jíà rẹ̀ ní Ládípọ̀, tàbí ní Gate tí ẹ bá wà n'Íbàdàn. Bí ẹ bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí iye wọn kò jìnnà síra, ẹ lè padà lọ bá ẹni tó ń ta ọkọ̀. Bí gbogbo wọn bá ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dúró de kọ̀ǹténà, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ bó ti wù kó rẹwà tó. Ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ nìyí nígbà tí wọ́n ń ra Ìjàpá, Volkswagen kékeré yẹn, àti Peugeot 504. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ l'Ékòó tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, kò sì sí ìgbèríko tí ẹ dé nígbà náà tí ẹ kò ní rí ẹni tó lè tún wọn ṣe. Lónìí, Corolla ló jókòó sí ipò yẹn. Yaris, Matrix àti Honda Civic tẹ̀lé e.

Jíà náà ní ọ̀rọ̀. Ẹ ti mọ mánúà àti ọ̀tọmátíìkì. Ẹ̀kẹta tún wà tí wọ́n ń pè ní CVT: kò ní jíà kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta, bẹ́líìtì irin kan ló ń yí láàárín àgbá méjì tó ń fẹ̀ tó sì ń súnkì. Ó ń ṣọ́ epo, kì í sì í já ènìyàn láyà. Ṣùgbọ́n kì í gba gbẹ̀rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ́ìlì jíà lásán sínú rẹ̀ dípò ọ́ìlì CVT, ó ti pa á nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, wàhálà tí CVT Nissan ọdún 2003 sí 2010 kó bá àwọn oníbàárà pọ̀ débi pé Nissan fúnra wọn sún àkókò tí wọ́n fi ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ dé ọdún 10 tàbí máìlì 120,000. Irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lójú títì wa. Bí ẹ ò bá ní mẹkáníìkì tó mọ CVT dáadáa, ẹ jìnnà sí i. Fún ọ̀tọmátíìkì gidi, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi jíà sí R (ẹ̀yìn), ẹ tún fi sí D (iwájú). Bó bá fẹ́sẹ̀ kọ, tàbí tó pẹ́ kó tó mú, owó gọbọi ń bọ̀ lọ́nà.

Wàyí o, ṣé Tòkunbọ̀ ni ká rà, àbí èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà? Orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun la sọ ọkọ̀ àlòkù tó ti òkè òkun dé, orúkọ dídùn sì ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Tòkunbọ̀ ló ti ilé ire wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì l'Amẹ́ríkà ti kọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá tàbí ìkún omi, tí wọ́n gbé lọ sí gbàǹjo, tí ẹnì kan rà, tó gbé wá sí èbúté, tí panẹbítà sì fi pọ́tì dí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí olùkọ́ kan ti ń lò láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lákòókò, tí mẹkáníìkì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó lè sọ ìtàn rẹ̀, sàn ju irú Tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ rà, Tòkunbọ̀ ni, ó ń dán gbinrin. Ní ọ̀sẹ̀ tí òjò bẹ̀rẹ̀, òórùn kan gba inú ọkọ̀ náà bí ìgbà tí aṣọ bá bà. Kò pẹ́ tí gíláàsì kò fi lọ sókè mọ́, lẹ́yìn náà ni iná dáṣíbọọ̀dù ń tàn tó ń kú. Oníwáyà tó tú káápẹ́ẹ̀tì pè mí kí n wá wo ẹrẹ̀ gbígbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ ìlú tí n kò dé rí. Odò ni ọkọ̀ náà ti jáde. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀. Òun ló fi lọ́fínńdà pa òórùn rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í ra ọkọ̀ láìfa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá. Wọ́n lè fọ gbogbo ọkọ̀, ọ̀pọ̀ kì í rántí fọ ìdí bẹ́líìtì, àmì omi á wà níbẹ̀. Mo máa ń wo irin abẹ́ ìjókòó náà bóyá ó ti dípẹtà, mo sì máa ń gbé taya àjẹṣẹ́kù inú búùtù kúrò kí n lè wo ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe fúnra yín lórí fóònù, kò sì ní ná yín ju dátà lọ. Ẹ da nọ́ńbà ṣáásì kọ, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní VIN. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. J ni ti Japan, 2 ni ti Kánádà, K ni ti Kòríà. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ ka á dé ìkẹwàá: ibẹ̀ ni ọdún rẹ̀ wà. 7 jẹ́ 2007, 8 jẹ́ 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní 2010 ni, tí ìkẹwàá sì jẹ́ 7, ẹ ti mọ irú ẹni tó dúró níwájú yín. Bí nọ́ńbà abẹ́ gíláàsì bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ má ṣe bèèrè ìdí rẹ̀, ẹ máa lọ.

Nọ́ńbà yìí kan náà ló máa sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín tó ń kó mi lọ́kàn sókè ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Ilé-iṣẹ́ Takata ní Japan ló ṣe éábáàgì fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ẹ̀tù tó ń fẹ́ àpò náà máa ń bàjẹ́ bó bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin. Bó bá ti bàjẹ́, dípò kó fẹ́ àpò, á fọ́ agolo irin tó wà nínú rẹ̀, irin náà á sì fọ́n sí ojú àti ọrùn ẹni tó jókòó síwájú. Ó ti pa ènìyàn. L'Amẹ́ríkà nìkan, éábáàgì tó tó mílíọ̀nù 67 ni ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n pààrọ̀. Corolla, Matrix, Yaris, Civic, Accord, Fit, àwọn ọkọ̀ tí mo ń yìn láti òkè gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ éábáàgì yìí kàn. Ooru àti ọ̀rinrin sì ni ojú ọjọ́ Èkó láti January dé December. Ẹ lọ sí ojú ìwé NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ti ìjọba Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ Amẹ́ríkà síbẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Á sọ fún yín bóyá àtúnṣe kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe lórí ọkọ̀ náà. Bí ti éábáàgì bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Ẹ tún wo iná dáṣíbọọ̀dù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì: iná ẹ́ńjìnnì, ti ABS (ti bíréèkì) àti ti éábáàgì gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí ẹ bá tan ọkọ̀. Èyí tó bá tàn tí kò kú, àìsàn kan wà. Èyí tí kò tàn rárá ló burú jù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ ọ́ kẹ́ ẹ má bàa rí i. Ẹ wo taya náà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ìparí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tẹ̀lé DOT lára rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ ìkẹtàlélógún ọdún 2019. Mẹkáníìkì tí yóò bá yín yẹ ọkọ̀ wò, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mú un lọ, kẹ́ ẹ sanwó ọjọ́ rẹ̀ fún un. Kó mú sikánà dání, ẹ̀rọ tó ń sọ àìsàn tó wà lára ọkọ̀.

Ti ìwé, ẹ rí i pé ìwé aṣọ́bodè pé. Láti oṣù January 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ọkọ̀ tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ láti Kútọnu lẹ́yìn ìgbà yẹn, aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, ẹ̀yin lẹ ó sì pàdánù. Inṣọ́ránsì tó kéré jù lábẹ́ òfin di náírà 15,000 lọ́dún láti January 2023. Ẹ fi í sínú ìṣirò.

Àbúrò mi kò ra Camry. Kò sì ra Yaris náà: nígbà tí a débẹ̀ ní Sátidé, a yí kọ́kọ́rọ́, iná éábáàgì kò tàn rárá, ẹni tó ń tà á sì ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Oṣù méjì gbáko la tún fi wá ọkọ̀ kiri. Matrix 2006 tí nọ́ọ̀sì kan lò ní Ṣómólú ló wá rà, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìwé ìpààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú àpótí iwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú déètì rẹ̀. Nígbà tí mo bá a ṣe ìṣirò epo oṣù àkọ́kọ́, lítà 91 ló lò.